Bàbá Fomi-Ṣe-É-Ná, Aṣọ́ Ásíìdì

Lọ́jọ́ tí olóògbé Bàbá Fomi-Ṣe-É-Ná da omi lé ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí, àlejò mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò. Ọ̀gá fẹ́ fi láàbù tuntun yangàn lójú wọn, ló bá nawọ́ sí ìgò ásíìdì kan nínú yàrá tí bàbá ń ṣọ́.

“Ẹ má bínú, sà,” ni bàbá wí. “Ẹ kọ́kọ́ fomi ṣe é ná.”

Òfin rẹ̀ nìyẹn, òfin náà ló sì fún un ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó máa gba ásíìdì lọ́wọ́ rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé ìgò omi lásán dé orí tábìlì, kó sì dà á sínú ife. Bí ẹ̀kán kan bá fi lè ta sílẹ̀, onítọ̀hún á dijú, á fọwọ́ tọ ògiri ní ìgbésẹ̀ méje, á sì fa okùn ṣáwà lé ara rẹ̀ lórí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gbé omi. Ẹ̀kán kan ta sí i ní bàtà.

“Ó ti jó yín, sà!”

“Bàbá, omi mà ni!”

“Ásíìdì ni. Ẹ dijú.”

Kí àwọn àlejò tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀gá ti wà lábẹ́ ṣáwà tòun ti táì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà ọ̀gá dé: bí bàbá kò bá jáwọ́ nínú eré omi yìí kí sáà tó parí, kó máa lọ sílé. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn tó kà pé LÈ FA EWU, ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú àwọn ásíìdì.

Nílé náà, ìwà kan náà ni. Kì í gbé imú lé nǹkan kan. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, á sún sẹ́yìn, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ fẹ́ òórùn rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbóòórùn ásíìdì.

“Ṣé májèlé ni mo sè ni?”

“Kì í ṣe ìwọ ni mò ń fura sí. Ìkòkò ni.”

“Ó dáa. Ìkòkò ní òun náà ń fura sí ẹ.” Ó gbé abọ́ padà sí kíṣìnnì.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tó kórìíra òfin náà ju ọ̀gá lọ. Ìgbà mọ́kànlá ni omi rẹ ẹ́ ní sáà kan ṣoṣo. “Kí ásíìdì tó pa mí, omi bàbá yìí á ti gbé mi lọ!” ló kọ sínú ìwé ẹ̀sùn tirẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí sáà parí, kí bàbá tí kò jáwọ́ sì máa lọ, ni ìdérí ìgò kan ṣàdédé já mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́. Awò tó fi bojú gba èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ásíìdì díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sójú rẹ̀. Kò sáré síbí sáré sọ́hùn-ún. Ó dijú, ó fọwọ́ tọ ògiri, ó rin ìgbésẹ̀ méje, ó fa okùn. Nígbà tí bàbá fi dé ibẹ̀, omi ti ń ṣàn lójú rẹ̀. Bàbá bá a la ìpéǹpéjú náà sílẹ̀ lábẹ́ omi fún ogún ìṣẹ́jú, ó ń pè é ní ọmọ mi, ọmọ mi. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ojú náà ì bá fọ́.

Ọ̀gá wá sí láàbù lọ́jọ́ kejì. Kò wọ táì. “Bàbá,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi ìgbésẹ̀ méje yẹn hàn mí.” Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá tún lò lẹ́yìn náà kó tó fẹ̀yìn tì.

Ibikíbi tó bá ti pàdé ọmọ yẹn, kódà nígbà tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti di olùkọ́ nínú láàbù kan náà, ìbéèrè kan ni: “Ojú dà?”

“Méjèèjì wà, sà.”

“Ó dáa. Máa lọ.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá, olùkọ́ yìí dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kò mọ ibi tó máa wò. Ìyàwó bàbá ló rìn wá bá a, ó gbé e ní àgbọ̀n sókè, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Ojú dà?”

“Méjèèjì wà, mà,” ló wí, ó sì bú sẹ́kún.