Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ-ọmọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ẹnu mi kì í dùn nígbà tí inú bá ń bí mi. Àwọn tá a jọ ń yan ẹja létí ọ̀sà mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi obìnrin náà sì mọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó bímọ, èmi ló pè pé kí n wá bá òun wẹ ọmọ nílé wọn ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà. Mo fi ẹja sílẹ̀, mo di ẹrù, ó di ọ̀dọ̀ wọn.

Ọmọ tuntun a máa pupa. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi máa ń wo etí rẹ̀, torí àwọ̀ tó bá wà létí ni ọmọ náà yóò padà ní. Nígbà tí ìyá ọkọ ọmọ mi wá kí wa, etí ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ilé tiwọn, pupa ni gbogbo wọn; ọmọ tèmi ló dúdú. Ó ṣí fìlà ọmọ, ó ní, "Háà, ti ìyá rẹ̀ ló mà gbé!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ni mo bí i, mo mọ ẹ̀rín rẹ̀. Èyí kò ti inú wá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ mi gbé ìke kíríìmù kan wálé. Obìnrin kan nínú ẹ́sítéètì wọn ló ń pò ó fúnra rẹ̀. Ó ń ta èyí tí àwọn ìyàwó ń fi bóra kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó kò, ó sì ní tàwọn ọmọdé lọ́tọ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan sára ìke náà, àfi àwòrán ọmọ òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ó ní, "Màámi, ògánììkì ni. Òrí àti oyin ni wọ́n fi ṣe é."

Mo ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí òrí tó ń ta sánsán báyìí. Ó ní kí n má bínú, ayé ti yàtọ̀. Mo fún un lésì tí kò ṣeé kọ síbí, ṣùgbọ́n òun ló ni ọmọ rẹ̀. Bí mo bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, tí mo nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, òun ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi, yóò sì fi kíríìmù pa á látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Kí n má parọ́, ọmọ náà ń dán, ó sì ń pupa sí i. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ síta bíi ti ẹni tó há àkàrà sẹ́nu, ikùn rẹ̀ náà yọ. Inú mi dùn kọjá sísọ! Bí mo bá pọ̀n ọ́n jáde, àwọn obìnrin á máa pariwo: "Ẹ kú ìtọ́jú o, Màmá! Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?" Èmi a ní, "Ọwọ́ mi ni jàre." Mo tilẹ̀ pe àwọn ẹlẹ́ja ẹlẹgbẹ́ mi lórí fóònù pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àgbà. Ìyá ọkọ ọmọ mi tún wá, ó gbé ọmọ sókè, ó ní, "Ó ti ń jọ wá o!" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ìke kíríìmù náà hàn án.

Ọjọ́ tá a gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, ó wọn gígùn rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo irun wẹ́wẹ́ tó hù níwájú orí rẹ̀. Èmi ti ń dúró kó yìn mí.

"Màmá, kí lẹ fi ń pa á lára?"

"Ìyẹn lẹ fẹ́ bi wá? Ẹ ò rí bó ṣe sanra?"

"Mà, kò sanra. Ó wú ni. Ó ń fẹ̀, àmọ́ kò ga."

Yéè! Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé òun ti bímọ rí. Ó lọ pe dókítà. Nígbà tí ọmọ mi sọ̀rọ̀ kíríìmù náà fún dókítà, ó ní òun ti rí irú ẹ̀ rí. Ó ní àwọn kan tó ń po kíríìmù máa ń fún oògùn líle kan sí i, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ fún ẹni tí àìsàn awọ ń yọ lẹ́nu, níwọ̀nba, fún ìgbà díẹ̀. Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, ó ń fà á mu, ó sì ń wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ mi ní òun á lọ dà á nù kíá. Dókítà ní, "Ẹ má dá a dúró fúnra yín o." Ó ní ara èèyàn ní ohun tó ń ṣe fúnra rẹ̀ láti fi dúró nígbà tí àìsàn bá dé. Oògùn inú kíríìmù yẹn ti sọ ara ọmọ di ọ̀lẹ, kò ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ibà kékeré lè gbé e lọ. Wọ́n á fún un ní oògùn tí a óò máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń bì, tàbí tó kọ ọmú, ká sáré gbé e wá.

Mo wo ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí mi lórí itan. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà!

Nínú ọkọ̀, mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ sí ọmọ mi, ló bá ní, "Màámi, mo kàn fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ni." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì mo gbéra lọ bá oníkíríìmù náà kí n lè bú u dáadáa. Ó jáde sí mi, ó pọn ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà! Mo gbé èébú mì. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wọ bàtà rẹ, ọsibítù là ń lọ."

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Mo máa ń gbé etí sí imú ọmọ bó bá sùn pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bì, ó sì kọ ọmú. A ò dúró pa iná ìkòkò, ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò tó bá wa pa á. Ní ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára, àwa jókòó tì í. Nígbà tó sunkún pé òun fẹ́ mu ọmú, èmi náà sunkún, mi ò tijú ẹnikẹ́ni.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń fọn. Ó ga sí i, ó rù díẹ̀, ó sì dúdú, ó dúdú dáadáa. A kò tíì sọ fún ìyá ọkọ ọmọ mi, torí ọkọ ọmọ mi ní kí a má já ìyá òun láyà. Ìgbà tí màmá náà wá, ó wo ọmọ, ó wo wá.

"Kí ló dé tó rù báyìí? Ó tún wá dúdú! Kíríìmù ìjọ́sí yẹn ńkọ́?"

Mo ti ní èsì lẹ́nu, ó gbóná dáadáa. Ọmọ mi ṣáájú mi. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ sókè sí ìyá ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

"Mọ́mì, kíríìmù yẹn fẹ́ pa á. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ mà. Dúdú tó wà láàyè ni mo gbé síwájú yín yìí."

Màmá náà na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ọmọ, ó sì gbé e mọ́ àyà.