"Nínú" Ni Ọ̀rọ̀ Tó Pa Orville Stidham

Orville Stidham kú láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé rẹ̀ ní Stony Lick. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́, nítorí bó bá dùbúlẹ̀, èémí á há sí i láyà. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ìwé dókítà sọ pé eruku èédú ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé dókítà kò ní àyè tí wọ́n lè kọ ìyókù sí. Èmi ní àyè nínú ìwé ìròyìn yìí, n ó sì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló pa Orville, adájọ́ mẹ́rin ló sì mú ọ̀rọ̀ náà dání.

Aládùúgbò mi ni. Nígbà òtútù, kí n tó dìde, á ti kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo máa ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì: á fi ṣọ́bìrì kó lẹ́ẹ̀mẹta, á dúró mí, á tún kó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pariwo mọ́ ọn lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan pé, "Orville, fi í sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni?" Ó ní, "Bí mo bá kú síbí, ìwọ lo máa kó yìnyín ọ̀la fúnra rẹ. Ìyà yẹn tó ọ." Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní abà ńlá tó wà lẹ́nu kòtò èédú, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ èédú wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń jọ̀ ọ́. Gbogbo ará ibí ló mọ̀ pé eruku abà yẹn burú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n ń wọ́n omi sí i. Ní abà, aṣọ ìnujú lo máa so mọ́ imú. Òfin ìpínlẹ̀ wa ní kí wọ́n tọ́jú "ẹnikẹ́ni tó bá ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú" tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ilé-ẹjọ́ kékeré ní Orville wà lára wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ èémí wá fún un, wọ́n fi okùn rẹ̀ sí i nímú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ń rìn dé ìdí àpótí lẹ́tà rẹ̀, ó sì ń bú ajá mi. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ilé-iṣẹ́ èédú pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Èmi ni mo wa òun àti Wilma ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ wa. Adájọ́ méje ló jókòó. Adájọ́ Weldon Thrale wo agbẹjọ́rò Orville láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Ǹjẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé yín jẹ́ inú ilé yín bí?"

Kí agbẹjọ́rò tó fèsì, Adájọ́ Constance Oakey dá sí i: "Ẹ jẹ́ kí èmi náà béèrè. Kí ni àwọn tó ṣòfin yìí ń sá fún? Ṣé kòtò ni àbí eruku?"

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, Orville rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ẹnu kòtò kì í ṣe inú kòtò. Wilma, búrẹ́dì àgbàdo tí mo ní lẹ́nu yìí ńkọ́? Inú ta ló wà báyìí?"

"Jẹun rẹ, jàre," ni Wilma wí. "O máa tu ú sí ọmọ ọlọ́mọ lórí."

Mẹ́rin sí mẹ́ta ni wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ èédú láre. Thrale kọ ọ́ pé "nínú" ni nínú, pé iṣẹ́ adájọ́ ni láti ka ọ̀rọ̀ bó ṣe wà, pé bí òfin bá burú, kí àwọn aṣòfin lọ tún un ṣe. N kò ní parọ́ mọ́ ọn: ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà òmùgọ̀. Adájọ́ tó bá ń fi àánú fa ọ̀rọ̀ gùn lónìí lè fi ìkà gé e kúrú lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Adájọ́ Thrale gba ààbọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì dá ààbọ̀ rẹ̀ padà fún ẹni tí kò lè mí.

Ká tilẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nígbà gbogbo, n bá ti gbà. Lọ́dún tó ṣáájú ńkọ́? Òfin ní kí ilé-iṣẹ́ gbin igi padà sórí gbogbo òkè tí wọ́n bá ti gbẹ́ èédú. Adájọ́ Thrale yìí kan náà ló kọ ọ́ pé a kò lè di "gbogbo" mú bẹ́ẹ̀, pé kí a wo ohun tó wà lọ́kàn àwọn aṣòfin, kí a lo làákàyè. Làákàyè! Níbo ló gbé e sí nígbà tó kan Orville? Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi rọ̀ fún ilé-iṣẹ́, tó wá le bí òkúta fún ọkùnrin tí ẹ̀rọ ń bá mí?

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìdájọ́, ọkùnrin méjì wá gbé ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan nínú wọn kò lè wo ojú Wilma. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa." Wilma dá a lóhùn pé, "N ò bá ìwọ bínú, ọmọ mi. Ṣáà rọra yọ okùn yẹn, imú rẹ̀ ti bó." Ọjọ́ márùn-ún péré ni Orville lò láyé lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé e sínú ilẹ̀. Ó dá mi lójú pé kò sí adájọ́ tó máa jiyàn "nínú" ti ọjọ́ yẹn.

Ó ku ẹ̀bi kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Níbí, àwa la ń dìbò yan adájọ́. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Thrale wá jẹ ẹja díndín pẹ̀lú wa ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Ó ní òun á ka òfin bó ṣe wà, òun kò ní fi kún un, òun kò ní yọ níbẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe dìde tí a ń pàtẹ́wọ́! Orville súfèé. Èmi kọ ọ́ síbí yìí gan-an pé a ti rí olóòótọ́. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó béèrè ohun tó máa ṣe bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ pa èèyàn. Orúkọ rẹ̀ la fi ìka tẹ̀, a rò pé òfin ni.

Àwọn mọ́kànlá mìíràn tó ṣiṣẹ́ ní abà yẹn ṣì wà láyé, ẹ̀rọ ṣì wà nímú mẹ́ta nínú wọn. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ẹni tó buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi lọ yọ ẹ̀rọ lọ́wọ́ aláìsàn ní ọjọ́ kẹrin, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìwọ náà, Adájọ́ Thrale, ìbò rẹ tún dé, o sì tún ń bọ̀ wá jẹ ẹja. Máa bọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwa kò sì ní dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Wilma ti ní iwájú gbọ̀ngàn lòun máa jókòó lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ.

"Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀," ló wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń fọ aṣọ tí eruku èédú sọ di dúdú. Bí ọkọ mi ò bá sí nínú kòtò èédú, kí adájọ́ yẹn sọ ibi tó wà nígbà náà fún mi."