Ìwé Màmá Ó-Ku-Díẹ̀

Orí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni Màmá Ó-Ku-Díẹ̀ kú sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀. Akọ̀wé rò pé oorun ló ń sùn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn láago mẹ́rin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jí i. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Òun ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin. Kó tó pa ìtàn fún wa, gbogbo wa á kọ́kọ́ dákẹ́. "Ara yín ti dé, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín náà wọlé," ló máa ń wí. Àdúrà ni ìtàn lójú tiẹ̀: ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Ọlọ́run á fi ìyókù sínú ẹlòmíì. Bó bá wá dé ibi tó dùn jù, á dákẹ́. "Ó ku díẹ̀. Ẹ lọ kọ ọ́ wá." A á kùn títí, a á sì lọ kọ ọ́.

Lọ́dún tí bàbá mi kú, ó pa ìtàn obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ ẹ̀ létí odò. Gbogbo kíláàsì ló mú ọkọ náà padà wálé. Èmi kọ ọ́ pé kò dé mọ́, pé obìnrin náà dìde, ó lọ dáná fún àwọn ọmọ ẹ̀. Màmá kà á, kò fi bíírò pupa kàn án. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ fún mi." Ẹ bá mi wá olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó fọwọ́ kọ ìtàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n sínú ìwé ńlá kan, kò ní ẹ̀dà kankan. Lẹ́yìn ìtàn kọ̀ọ̀kan, ó fi bíírò aláwọ̀ ewé fàlà sétí ojú ewé kan, ó fi í sílẹ̀ lófìfo, kí ọmọ tó bá ń kà á lè parí ẹ̀. Ó gbé e fún ọ̀gá ọ́fíìsì yìí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún àwọn iléèwé. Ṣé ẹ mọ èsì tí ọ̀gá kọ? "Iṣẹ́ yìí kò parí. Kí olùkọ́ lọ parí iṣẹ́ rẹ̀." Wọ́n bá yọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n ní kó máa ṣọ́ yàrá ṣọ́ọ̀kì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò dá ìwé ẹ̀ padà.

Ni Màmá bá ń lọ béèrè ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá. A ṣì ń wá a." Ìwé tó nípọn tó bíríkì, tí kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti ọmọ ẹ̀ obìnrin lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ní ká kọ orúkọ wa sí pépà àlejò. Ọwọ́ ọmọ Màmá dúró lórí pépà náà. Ìlà aláwọ̀ ewé ló wà létí ẹ̀. Àwọn ojú ewé òfìfo inú ìwé Màmá ni wọ́n ń fà ya fún àlejò. Ìyókù ńkọ́? Akọ̀wé ní bóyá wọ́n ti dà á nù.

"Oṣù tó kọjá ló sọ fún mi," ọmọ ẹ̀ wí. "Ó ní òun rí pépà òun níbẹ̀. Mo ní, Màmá, ọjọ́ orí ló ń dà yín láàmú." Ó bú sẹ́kún.

Ìwé náà ò lè padà wá mọ́, mi ò tan ara mi. Àwọn ọmọ tí ì bá parí ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Àmọ́ orúkọ Màmá wà lórí pépà ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó kọ aago tó wọlé síbẹ̀: mẹ́jọ. Àyè tí wọ́n ń kọ aago tí àlejò jáde sí ṣófo. Ọ̀gá, iṣẹ́ yín kò parí. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ aago tí wọ́n gbé Màmá jáde síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ohun tó jókòó dè, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i.