Bébà Ara Ògiri ní Ìṣẹ́yìn

Òórùn iṣu èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí ló máa ń rán mi létí ọjọ́ náà. Ìgbà ọyẹ́ ni. Mo ti nu eruku kúrò lára kíbọ́ọ̀dù, mo ti ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, mo sì ń da fáìlì kan láti inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mò ń lò nígbà yẹn: ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan ní Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀, àti kékeré kan tó wà nílé. Inú fáìlì yẹn ni mo kó gbogbo bí mo ṣe fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá mi ṣiṣẹ́ sí. Bí mo bá tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré, orúkọ gígùn tàbí àdúrà odindi ìlà kan á jáde, tòun ti àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kó irú àgékúrú bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì ti lé ní igba. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti da fáìlì náà sí ti Ìṣẹ́yìn. Ti Ṣakí yìí ló kù. Inú mi ń dùn pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wá dọ́gba.

Wọ́n dọ́gba lóòótọ́. Mo jókòó, mo tẹ lẹ́tà mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́ta náà ni mo rí. Mo tẹ òmíràn, bákan náà ni. Ìgbà yẹn ni mo tó yẹ déètì fáìlì náà wò. Dípò kí n da tuntun sínú kọ̀ǹpútà ilé, ti àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, tí n kò fọwọ́ kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ni mo dà jáde, òun ni mo sì fi bo tuntun mọ́lẹ̀ níbi méjèèjì. Èmi tí àwọn oníbàárà máa ń sọ pé n kì í ṣi nǹkan ṣe.

Àfáà àgbà kan ní àdúgbò wa ló ti fi oṣù márùn-ún pe ìtàn àwọn tó kọ́ wọn ní kéwú fún mi. Gbogbo orúkọ àwọn olùkọ́ náà, àti àdúrà tó ń tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan, wà nínú àgékúrú tó sọnù. Ó ku ogún ojú ìwé tí n kò tíì tẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ọjọ́bọ̀ sì ni wọ́n ń gbé bàbá lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ ojú. Bàbá ti sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, mo fẹ́ fi ojú tèmi kà á kí n tó lọ. Lẹ́yìn abẹ, Ọlọ́hun ló mọ̀."

Mo pe ìyàwó àbúrò mi lórí fóònù. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ń ṣe àṣìṣe? Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún gbogbo Ìṣẹ́yìn!" Lẹ́yìn náà ló ní, "Bébà mi ńkọ́?"

Mo ti gbàgbé bébà yẹn. Kò lè rántí àgékúrú kankan, nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Ajé tí mo bá mú tuntun dé, yóò tẹ̀ wọ́n sórí bébà, yóò sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo máa ń bá a wí pé ó ń ba ọ̀dà jẹ́. Àná gan-an ni mo ní kó ya wọ́n dànù.

"Mo gbọ́ o," ló wí, "ṣùgbọ́n n kò ya á."

Ó ń kà, èmi ń tẹ̀, láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan: dò, dò, mí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n kọrin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó fóònù mi tán, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló pè mí padà. Ọjọ́rú ni mo fi tẹ ogún ojú ìwé tó kù.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá gbé ìwé náà sún mọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn. Wọ́n ka orúkọ olùkọ́ wọn àkọ́kọ́ síta, wọ́n sì fi àtàǹpàkò ra orí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù Ṣakí nìkan ni mo ti ń tún fáìlì náà ṣe, déètì sì máa ń wà lára orúkọ rẹ̀. Àwọn méjì yòókù, gbígbà ni wọ́n ń gbà. Ohun tí mo kọ́ nípa kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìṣọ́ra tèmi ló ń gbé iṣẹ́ wa dúró. N kò mọ̀ pé ẹni tó mọ̀ pé òun lè gbàgbé ló ń ṣọ́ mi.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo gbé gọ́ọ̀mù tuntun lọ sí Ìṣẹ́yìn, mo bá a di bébà náà mú mọ́ ògiri, mo sì dúpẹ́ títí.

"Ọkọ mi, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ló wí. "Ọpọlọ mi tí kì í gba nǹkan dúró ni kí ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."