Orin Arò Tí Ìyá Àgbà Gbè

Òrí ni Ìyá àgbà ń fi pa mí lọ́rùn lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ti gbé àpótí ìjókòó rù, wọ́n ń kán mi lójú. Ìjọ wa ní Atakpamé, nílẹ̀ Tógò, fẹ́ tún kàńtátà àtijọ́ ṣe, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láti ìgbà tí ogun ti lé àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso wa lọ, kò sẹ́ni tó ṣe é mọ́.

“Mo ń bá yín lọ,” ni Ìyá àgbà wí.

Ẹnu yà wá. Òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ ló ń bọ, kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi ẹlẹ́nu ṣóńṣó bi í bóyá ó fẹ́ ṣèrìbọmi.

“Orin ni mo fẹ́ gbọ́, jẹ́ kí n rímú mí.”

Ọ̀nà ló ti sọ tinú rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ orin abiyamọ tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú eré yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ogun dé Kamina nítòsí ìlú wa, ibà pa á nínú igbó tí wọ́n sá sí. Wọ́n sin ín láìsunkún, kí sójà má baà gbọ́ ohùn wọn.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba fèrèsé wọlé, eruku ń rábàbà nínú rẹ̀ bí òwú. Ó dà bíi pé mò ń lálàá. Olùkọ́ wa tó ń darí eré náà ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú òǹwòran ò gbọdọ̀ fọhùn. Abiyamọ orí ìtàgé kúnlẹ̀ ti “òkú” ọmọ rẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ họ ẹsẹ̀, ó sì dárin: “Ọmọ mi dà?”

Kò sẹ́ni tó gbè é. Bẹ́ẹ̀ nílé wa, a kì í jẹ́ kí ẹnìkan dá kọ orin arò. Bí ọ̀kan bá dá a, àwọn yòókù a gbè é.

Ìyá àgbà dìde. “Ó ti lọ, ó ti relé,” ló fi gbè é. Olùkọ́ yíjú padà, ó lejú. Àmọ́ ìyá arúgbó kan gbà á lẹ́nu rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, títí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gbè é. Olùkọ́ jókòó jẹ́ẹ́. Omijé ń dà lójú Ìyá àgbà, kò nù ún.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. “Òní ni mo sin ọmọ mi,” ló wí.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Bí mo bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, n kì í sọ fún un pé kó má sunkún mọ́. Mo máa ń jókòó tì í, bó bá sì dá orin arò, màá bá a gbè é.