Òkúta Aláwọ̀ Ewé Láti Ipogun

Lánàá, òjò kán sára òkúta tí wọ́n já síwájú ilé tí mo ń kọ́. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìsíkàn, lọ́dún tí ìjọba dá Bàámi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí òkúta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n Bàámi gbé òkúta aláwọ̀ ewé kan dé láti Ipogun. Inú oko kòkó rẹ̀ ló ti hú u. Ó ní bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná ló wà nínú rẹ̀, òun sì fẹ́ gé gbogbo igi kòkó náà kí wọ́n lè gbẹ́ ilẹ̀.

Bàámi fi ahọ́n lá òkúta náà. Ó mú tirẹ̀ lójú fèrèsé, èyí tó gbé bọ̀ láti ibi ìwakùsà bàbà àtijọ́ tó ti kọ́ṣẹ́, ó lá òun náà. Ó fi ìṣó ha méjèèjì. Lára tirẹ̀, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé bọ́ sílẹ̀. Lára ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sóhun tó bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bàbà. Ẹ má gé kòkó yín."

"Tún un wò dáadáa. Tó bá jẹ́ bàbà, ìwọ náà á ríṣẹ́ ṣe."

"Mo mọ̀, sà." Ó tún òkúta náà lá. "Kì í ṣe bàbà."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Mo rò pé ebi ló ń jẹ́ kó máa lá òkúta. Mo sáré mú ìdajì iṣu sísun tó kù mí kù, mo fi lé e lọ́wọ́ tòun ti epo.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọ̀ òkúta máa ń hàn kedere tó bá tutù, pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe ebi. Ó jẹ iṣu náà tán, ó wá lá epo tó kù ní ìka rẹ̀.