Bí Ìyá Mi Ṣe Tún Pe Àkànní

Nígbà tí mo ṣì kéré, kí ilé-iṣẹ́ tó kún Sàngó báyìí, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ láàrin Ojú Ore àti ibi tí ẹ ti ń rí géètì ńláńlá lónìí. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Abẹ́òkúta a máa kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwa ọmọdé a sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a ó máa juwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú eruku àti fèrè tírélà, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé a máa ń gbọ́ ohùn àparò níbẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àparò kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, àti ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àkànní.

Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Ọ̀tà. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, kì í kọ́kọ́ dáná. Yóò máa ti orí ẹní kan bọ́ sí òmíràn, yóò sì máa fi oríkì jí wa. Ẹ má rò pé oríkì ìdílé nìkan ló ń kì o. Ó máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ hun tiwa mọ́ ọn, bí ìwà kálukú bá ṣe rí. Èmi tí mo fẹ́ràn oorun, yóò ní, "Àbẹ̀kẹ́ a-sùn-má-jí-bọ̀rọ̀, dìde, oòrùn ti ń béèrè rẹ." Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Àkànní ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àkọ́bí:

Àkànní a-rẹ́rìn-ín-kí-ọ̀rọ̀-tó-parí,
Ọmọ tó ń bọ̀ lókèèrè tí ajá ilé ti ń jó,
Dìde, ọmọ mi, kí ojúmọ́ ó lè mọ́.

Bí Àkànní ṣe parí ìwé mẹ́fà, ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Sàngó. Ìgbà yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, epo ẹ̀rọ á ti gba gbogbo ṣòkòtò rẹ̀, ìyá mi á sì máa kùn bó ṣe ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé. Àkànní á dúró tì í, á máa sín ọ̀gá wọn jẹ. Yóò gbọ́wọ́ sídìí, yóò na ọrùn bíi ti tòlótòló, yóò ní, "Una dey sleep?" Ìyá mi á gbìyànjú láti máa bínú lọ, ẹ̀rín á sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ agbégi kan já bíréékì ní Sàngó, ó sì yà wọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn relé. Àkànní wà láàrin wọn. Kò padà wálé mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí òkú ọ̀fọ̀ jẹ́ nílẹ̀ wa nígbà náà. Bí arúgbó bá kú, a ó jẹ, a ó mu, a ó sọ ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣáájú ìyá lọ, wọ́n á yára sin ín ni, òbí rẹ̀ kò ní bá wọn débẹ̀, ẹnu á sì pa mọ́ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin Àkànní lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, ó kó ẹní rẹ̀, ó kó aṣọ rẹ̀, ó mú ife tó fi ń mumi. Lẹ́yìn náà ó dúró láàrin pálọ̀, ó ní, "Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá. A kì í ka ọ̀fọ̀ kún ohun tí à ń sọ. Ẹ má ṣe pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́, kí irú rẹ̀ má baà tún wọlé."

N kò ní sọ pé ìkà ni. Ẹ̀rù ń bà á nítorí àwa tó kù ni. Bàbá mi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó dorí kodò.

Ìyá mi kò sunkún lójú wa. Ó ń se oúnjẹ, ó ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, kò kì wá mọ́. Yóò kàn fọwọ́ kàn wá léjìká, bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn ilé onílé, yóò ní ilẹ̀ ti mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé inú ló ń bí i sí wa. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Oríkì ilé wa, orí àkọ́bí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ní kí ó má pe àkọ́bí, báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwa yòókù? Ọ̀nà tó ń gbà wọlé sọ́dọ̀ wa ni wọ́n dí. Bí a ṣe pàdánù Àkànní, bẹ́ẹ̀ náà la ń pàdánù ìyá wa, tí ó sì wà láàyè níwájú wa.

Ọmọdé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí mi le. Mo pinnu pé n óò gba ìyá mi padà. N kò tíì mọ bí n óò ṣe ṣe é ni.

Nígbà tí a gba ọlidé, wọ́n rán mi lọ sí Àtàn, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó jẹ́ àbúrò bàbá bàbá mi, kí n lọ bá a bó ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe gàrí. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, òun náà sì ti sin ọmọ rí. À ń bó ẹ̀gẹ́ lọ, ó bi mí pé, "Ṣé ìyá rẹ ń sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ń ní ká wá jẹun. Wọ́n ń ní ká ti ilẹ̀kùn."

Ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

 Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá mi máa pe Àkànní."

Ó mi orí. "Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi yí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ilé yín padà? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká má pa àlọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú díẹ̀, ó pa àlọ́ kan fún mi. Ó dá lórí obìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé bò. Ó ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn, kò sọ̀ ọ́. Bí àwọn èèyàn bá ní kí àwọn bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, àwọn èrò ọjà á sì máa gbè é:

Ẹrù mi kò wúwo, ẹ jẹ́ n máa lọ,
*Ẹ rọra.*
Kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ n máa lọ,
*Ẹ rọra.*

Bẹ́ẹ̀ ló ń rìn títí ọrùn rẹ̀ fi wọnú èjìká, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rì sínú ilẹ̀, tó fi di òkìtì ọ̀gán ní oríta. Ibẹ̀ ni àlọ́ náà parí sí. Mo bi ìyá àgbà pé kí ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Ó ní òun kò mọ̀, pé obìnrin náà kò sọ.

Mo kọ́ orin náà títí kò fi sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Ojú Ore, mo kó àwọn àbúrò mi jọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn ìrun màgàríbì, nítòsí ibi tí ìyá mi ti ń ṣa ẹja. Mo bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Bí a ṣe dé ibi orin, ìyá mi dìde, ó wọlé lọ. Bàbá mi pè mí, ó ní, "Kí ló dé tó jẹ́ irú àlọ́ báyìí lò ń pa nínú ilé yìí?"

Mo ní, "Àlọ́ lásán ni, bàbá mi."

Ó wò mí títí, ó sì padà wọlé. Lọ́jọ́ kejì, mo tún kó àwọn ọmọ jọ. Ìyá mi tún dìde. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo tún pa á. Ẹ̀rù bà mí o. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, gbogbo wa la dákẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, ìyá mi kò dìde mọ́. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń ṣa ẹja rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe dé ibi tí obìnrin náà ti di ọ̀gán, ìyá mi sọ̀rọ̀ láìyíjú padà. Ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló parí."

Gbogbo wa yíjú sí i.

Ó ní, "Kò di ọ̀gán. Obìnrin náà ní ọmọ nílé. Bó bá di ọ̀gán, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún wọn?"

Mo ní, "Kí ló wá ṣe, Màmá?"

"Ó rẹ̀ ẹ́. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣí ewé orí rẹ̀."

Àbúrò mi obìnrin tó kéré jù ló bi í léèrè pé, "Kí ló wà níbẹ̀?"

 Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí ẹja. Ó ní, "Ṣòkòtò iṣẹ́ ni. Ṣòkòtò tí epo wà lára rẹ̀, tí obìnrin náà kò tíì rí fọ̀."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, igbe ta lẹ́nu rẹ̀. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi sáré jáde, ó ní, "Kí ló dé? Ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ni?"

Ìyá mi gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Àkànní, ẹ jókòó. Ọmọ yín là ń sọ."

Kò sẹ́ni tó ti pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó ẹní kúrò nílé. Bàbá mi dúró bí ẹni tí ọfà bà. Mo rò pé yóò lù mí ni. Ó fa àpótí kan, ó jókòó ti ìyá mi, ó fi ọwọ́ bojú. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó sín èmi náà jẹ rí. Ó rò pé n kò rí òun." Ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú omijé. Kí a tó wọlé, kálukú wa ti sọ tirẹ̀ nípa Àkànní, títí kan ọmọ tó kéré jù, tó jẹ́ pé kìkì bó ṣe máa ń gbé e kọ́rùn ló rántí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àsùbáà, mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Ohùn náà há, ó sì ń já, ṣùgbọ́n kò dúró:

Àkànní, mo bu oúnjẹ dè ọ́, oúnjẹ tutù,
Mo pè ọ́ lójúde, ògiri ló dá mi lóhùn.
Ọkọ̀ agbégi kò mọ̀ pé o ní ìyá,
Ọ̀nà kò bi ọ́ léèrè ọmọ ẹni tí o jẹ́.
Èmi ni ìyá rẹ, èmi kò sì ní gbàgbé.
Máa sùn, ọmọ mi. Àwọn àbúrò rẹ ti fẹ́ jí.

Lẹ́yìn náà ló kọjá sí ẹní kejì, ó sì ń kì wá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti jí tipẹ́, ṣùgbọ́n mo dijú mọ́ orí ẹní mi títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín o. Ìbànújẹ́ kò tán lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́, ó bínú, kò wá sílé wa fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí ìyá mi kò lè lọ sọ́jà, tó kàn ń wo ojú ọ̀nà. Kò rí ibojì ọmọ náà títí òun náà fi kú ní arúgbó. Ṣùgbọ́n ìyá mi tún wà láàárín wa. Ó tún ń kùn, ó tún ń bá wa jà, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ tuntun kún oríkì Àkànní lọ́dọọdún, bí ẹni pé ọmọ náà ń dàgbà.

Nǹkan ti yí padà púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ní ká má pe orúkọ òkú mọ́. Bí ọ̀dọ́ bá kú ní Sàngó lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán rẹ̀ á ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn, pẹ̀lú àbẹ́là àti ẹyẹ àdàbà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n á ti fi àwòrán ìgbéyàwó rọ́pò rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹnu ń pa mọ́ nítorí ẹ̀rù. Nísinsìnyí, ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni ń jókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń rí ládùúgbò wa, òmíràn kò mọ oríkì tirẹ̀, ká má tíì sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti lọ.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kó má sunkún mọ́, pé Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Ohun tó dára ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọ bàtà mi, mo gbára lé ọ̀pá, mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ wá bá mi gbàdúrà."

Mo ní, "Mo ti gbàdúrà nílé. Kí lo máa ń pe ọmọ rẹ tí inú rẹ bá dùn?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan sún mọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.